Bomubomu Ẹ̀yìnkùlé Mùínàt

Igi bomubomu mẹ́sàn-án tí Mùínàt fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn sẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní Òkè-Fìà ti wó lulẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Oje wọn ló fi ń mú kí wàrà dì, iṣẹ́ tó fi tọ́ Humairah ọmọ rẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ìgbẹ́ màlúù wà káàkiri ilẹ̀. Ìyẹn tó fún àwọn ọlọ́pàá láti gbé Jibril, darandaran tó ń gbé mílíìkì wá fún un. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n fẹ́ so yìgì Jibril àti Humairah.

Ó ti rẹ Ìsípẹ́kítọ̀ Bándélé nígbà tó débẹ̀. Ó ku oṣù mẹ́ta kó fẹ̀yìn tì, ẹjọ́ aládùúgbò sì ti sú u pátápátá.

Àjàgbé, àbúrò ọkọ Mùínàt, ló pe ọlọ́pàá. Awò dúdú wà lójú rẹ̀. Ó ní àpólò ló mú òun. Ó ní òun fojú ara òun rí màlúù Jibril tí wọ́n ń jẹ igi náà.

"Mo kìlọ̀ fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀."

Bándélé rọra bẹ̀rẹ̀, orúnkún ń dùn ún. Ó yẹ ewé wò, ó yẹ kùkùté wò, ó wá ní kí wọ́n lọ mú Jibril wá. Nígbà tí wọ́n mú un dé, ètè rẹ̀ ti là níbi tí àwọn ọlọ́pàá ti lù ú. Ojú ti Bándélé.

Ó yíjú sí Àjàgbé. "Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ awò yẹn."

Ojú ọ̀tún Àjàgbé ti wú, omi ń dà níbẹ̀. Kò sóhun tó ṣe tòsì.

"Ifẹ̀wàrà ni mo dàgbà sí, mo mọ igi yìí dáadáa," Bándélé ní. "Màlúù kì í jẹ bomubomu, májèlé ni. Ẹ wo ewé, ó pé. Àdá ló gé àwọn igi yìí. Ẹni tó bá sì fi ọwọ́ olóje nu òógùn, ojú ẹ̀ á wú báyìí."

Àjàgbé ki awò rẹ̀ bọ àpò. "Mi ò fẹ́ kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi máa tẹ̀lé màlúù kiri."

Bándélé yọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Mùínàt dá a dúró. Ó ní bàbá Humairah ò sí mọ́, Àjàgbé nìkan ló kù tó lè fa ọmọ náà fún ọkọ níwájú Àlùfáà.

Gbogbo wọn wá ń wo Jibril. Ó gbé ike omi àlùwàlá, ó lọ bá Àjàgbé.

"Ẹ fi fọjú yín, bàbá. Ọjọ́ Àìkú ò jìnnà."

Bándélé dá ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ padà sápò, ó wá ibi jókòó.