U Méjì Ló Wà Nínú Aládùúgbò

Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ rí, kò rí ojú. Ẹsẹ̀ méjì gbọọrọ yọ síta lábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù irin tí wọ́n to ẹ̀rọ sí, ìbọ̀sẹ̀ ọ̀kan dúdú, tèkejì búlúù. Obìnrin tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn náà dúró ń wò ó, ẹ̀rín ń pa á.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lábẹ́ ibẹ̀."

Gbàù! Ó fi orí gbá irin. Ọkùnrin náà rá jáde, eruku nírun, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́.

"Ṣé 'ẹ kú iṣẹ́' yìí lẹ fẹ́ fi pa mí ni?"

"Ẹ má bínú. Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ so wá mọ́ ọ̀nà tuntun?"

"Èmi ni. Láti òní lọ, aládùúgbò mi ni yín."

Bí wọ́n ṣe ń pè é nídìí iṣẹ́ wọn nìyẹn. Ilé iṣẹ́ ọkùnrin yìí ló ń gba ẹ̀rọ àwọn ẹlòmíì sílé, tó ń gbé ìsọfúnni wọn káàkiri ayé. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní BGP: ẹ̀rọ tibí àti tọ̀hún á di aládùúgbò, wọ́n á fi ọ̀rọ̀ àṣírí kan dá ara wọn mọ̀, tilé ìwòsàn á wá kéde fún gbogbo ayé pé ẹni tó bá ń wá òun, ọ̀nà ibí ni kó gbà.

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi múra sílẹ̀. Fọ́ọ̀mù lónìí, lẹ́tà lọ́la. Kí wọ́n tó mọ̀, "ẹ" ti di "o".

"Aládùúgbò mi, ṣé o ti jẹun?"

"Aládùúgbò tí ò kí mi láti àárọ̀, kí ló kàn án nínú oúnjẹ mi?"

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ yan ọ̀rọ̀ àṣírí, wọn ò wá a jìnnà. "Orúkọ tí mò ń pè ẹ́ ni ká fi sí i," ni ọkùnrin náà wí. Wọn ò kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹnu ni wọ́n fi sọ ọ́, kálukú lọ tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ tiẹ̀.

Ọ̀dọ̀ bàbá obìnrin náà lọ̀rọ̀ ti wọ́. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá, àmọ́ báírò pupa ẹ̀ ò tíì fẹ̀yìn tì ní tiẹ̀. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìgò oògùn pàápàá, á máàkì ẹ̀. Ọkùnrin náà kọ lẹ́tà sí i pé òun fẹ́ wá kí i nítorí ọmọ ẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́tà padà, ó pupa láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Bàbá ẹ ti lé mi," ló sọ lórí fóònù.

"Ṣé wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ ni?"

"Ṣé ó dìgbà tí wọ́n bá sọ ọ́? Àṣìṣe mọ́kànlá ni wọ́n fa igi sí!"

"Nítorí báírò lo ṣe ń sá? Àṣé bí ìfẹ́ ẹ ṣe mọ nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún dé egungun. Fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, iṣẹ́ nìkan ló ń pa wọ́n pọ̀, "ẹ" sì padà sáàárín wọn. Ẹni tó ti ń pè ọ́ ní "o", kó tún wá máa pè ọ́ ní "ẹ"! Ó ń dunni o.

Ọjọ́ iṣẹ́ pé. Aago méjìlá ọ̀sán ni wọ́n máa já ọ̀nà àtijọ́. Bí ti tuntun ò bá ṣí, àwọn dókítà ò ní rí fọ́tò egungun àti ẹ̀dọ̀fóró tí àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké ń fi ránṣẹ́, bẹ́ẹ̀ aláìsàn mẹ́rìndínlógún ń dúró de èsì.

Nígbà tó ku ogójì ìṣẹ́jú, ẹ̀rọ méjèèjì ò tíì dá ara wọn mọ̀.

"Wáyà ńkọ́?" ni ọkùnrin náà bi í lórí fóònù.

"Ó wà níbẹ̀."

"Nọ́ńbà tí mo fún yín?"

"Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀rọ̀ àṣírí yẹn ńkọ́?"

"Tèmi tọ́."

"Tèmi náà tọ́."

Kò sẹ́ni tó fẹ́ fẹnu ara ẹ̀ dárúkọ ẹ̀. Ẹ wo ìgbéraga! Aláìsàn mẹ́rìndínlógún ń retí, àwọn méjì ń ṣe fáàrí síra wọn. Dókítà àgbà dúró lẹ́yìn obìnrin náà, ó ń wo aago. Ogún ìṣẹ́jú ló kù. Ó di mẹ́rìnlá. Ó di mẹ́sàn-án.

"Ẹ sípẹ́lì ẹ̀ fún mi," ni obìnrin náà wí.

"Níwájú gbogbo àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ níbí?"

"Ẹ jọ̀ọ́."

"A, l, a, d, u, g, b, o."

"U mélòó?"

"Ọ̀kan. Mélòó ló yẹ kó jẹ́?"

"Méjì! U méjì ló wà nínú aládùúgbò! Ṣé bàbá mi ò máàkì ẹ̀ fún ẹ ni?"

Lẹ́tà náà wà nínú dúrọ́ọ̀ ọkùnrin náà. Kò lè wò ó mọ́, kò sì lè jù ú nù. Ó fà á yọ. Lóòótọ́, ní ìlà kejì, bàbá ti fi u pupa kan há àárín "aládùgbò". Ó sáré tẹ u kún tinú ẹ̀rọ.

"Ó ti gbà!" ni obìnrin náà kígbe. "Mo ti ń kéde."

"Mo ti ń gbọ́ ẹ."

Fọ́tò egungun èjìká màmá àgbàlagbà kan yọ lójú kọ̀ǹpútà. Dókítà àgbà mí kanlẹ̀, ó jókòó.

Ọkùnrin náà ò tíì pa fóònù. "Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́yìn ìwé yìí. Mi ò ṣí i débẹ̀ rí."

"Kí ni wọ́n kọ?"

"'Tún un kọ. Fúnra rẹ ni kí o mú un wá.'"

Omijé bọ́ lójú obìnrin náà níwájú dókítà. "Ìwé tí ò bá wu bàbá mi, wọn kì í ní kéèyàn tún un kọ. Òdo ni wọ́n ń fún un. Mo fẹ́ràn ẹ, aláìlétí yìí."

"Èmi náà fẹ́ràn ẹ. Jọ̀ọ́, má fi 'ẹ' pè mí mọ́ láéláé."

Ọjọ́ Sunday ló gbé lẹ́tà tuntun lọ. Ìbọ̀sẹ̀ ẹ̀ bára mu lọ́jọ́ náà. Bàbá kà á pẹ̀lú báírò lọ́wọ́. Ìlà tó kẹ́yìn ní, "Mo fẹ́ kí ọmọ yín jẹ́ aládùúgbò mi títí ayé." Báírò sọ̀ kalẹ̀, ó fa igi gbọọrọ lórí "aládùúgbò".

"U méjì ni mo kọ, sà!" ni ọkùnrin náà kígbe.

"Mo rí i. Sípẹ́lì ẹ̀ tọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni ò tọ́."

Ó kọ ọ̀rọ̀ mìíràn sókè ẹ̀, ó na ìwé sí ọmọ ẹ̀ tó jókòó tì wọ́n. "Ìwọ ni kó o máàkì ìyẹn."

Obìnrin náà wò ó: ìyàwó. Ó gba báírò pupa lọ́wọ́ bàbá ẹ̀, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀: Ó tọ́.