Omi Tí Wọ́n Bù sí Mùsílímátù Lẹ́sẹ̀

Ọjọ́ tí Mùsílímátù kọ́kọ́ fojú kan Sàláwù, gọ́ọ̀mù ló kún ọwọ́ ọkùnrin náà. Tíṣà tuntun ni, iṣẹ́ ọnà ló wá ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé girama kan l'Ágbowó. Ìtàn ni Mùsílímátù ń kọ́ wọn ní tiẹ̀.

"Àǹtí, ẹ má bọ̀ mí lọ́wọ́ o," Sàláwù ní, "ká má lọ lẹ̀ mọ́ra."

Mùsílímátù rẹ́rìn-ín. Ká sòótọ́, ọjọ́ náà ni wọ́n ti lẹ̀.

Ìdíje ìtàn láàárín àwọn ilé ìwé ló pa wọ́n pọ̀. Lọ́dún 1995 ni, nígbà tí epo mọ́tò wọ́n bí ojú, tí èèyàn ń dúró ní Dùgbẹ̀ títí ẹsẹ̀ á fi wú. Ọ̀gá ilé ìwé ní káwọn ọmọ fi hàn bí wọ́n ṣe ń gba ìyàwó wọlé n'Ìbàdàn láyé ijọ́un. Mùsílímátù ni yóò wá ìtàn, Sàláwù ni yóò bá wọn fi páálí kọ́ agboolé. Ni wọ́n bá jọ ń rìn, wọ́n jọ ń jẹ bọ̀ọ̀lì. Bí Sàláwù bá ń gé páálí, á máa kọrin, Mùsílímátù á sì máa gbè é.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò yé ọmọbìnrin náà rárá. Bí Sàláwù bá ra ẹ̀pà fún un, á ní, "Ẹ jẹ ẹ́, Àǹtí, kẹ́ ẹ lè rántí ìtàn." Bó bá sìn ín dé Bódìjà, á ní ọ̀rọ̀ ìdíje ló kù tóun fẹ́ sọ. Ṣé èmi ló ń wá ni, àbí ìtàn? Ọkàn Mùsílímátù ń lọ síwá sẹ́yìn bí aṣọ orí okùn.

Ní Sátidé kan, wọ́n kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ Àrìnpé, ìyá Sàláwù, l'Ókè-Àdó. Obìnrin náà ò kàwé, ṣùgbọ́n orin kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ní kó sọ bí wọ́n ṣe ń wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé ọkọ.

"Èyí kì í ṣe ohun tá a ń fẹnu sọ," màmá ní. "Ẹsẹ̀ ta la ó wẹ̀?"

Àwọn ọmọ pariwo: "Ti Àǹtí! Ti Àǹtí!"

Kí Mùsílímátù tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti bọ́ bàtà, wọ́n ti fi ìbòrí bò ó lójú. Omi tútù dà sí i lẹ́sẹ̀, ọwọ́ ìyá sì ń wẹ àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Orin gba ẹnu ọ̀nà:

*Ẹ bomi sẹ́sẹ̀ ìyàwó o,*
*Ẹsẹ̀ ìyàwó á tura.*
*Ẹni tó wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín,*
*Kò ní í fẹkún jáde.*

Mùsílímátù wọlé. Omijé bọ́ lójú rẹ̀ lábẹ́ ìbòrí, kò sì mọ ìdí rẹ̀. Àbí eré kọ́ ni?

Nígbà tí Ràṣídátù, ìyá tiẹ̀, gbọ́, ó fò dìde.

"Wọ́n ṣe kí ni? Wọ́n wẹ ẹsẹ̀ ọmọ mi nílé tí ẹnikẹ́ni ò ti gbé obì wá bá wa? Torí pé Ìsẹ́yìn la ti wá, ṣé a ò lẹ́nìkan n'Ìbàdàn ni?"

"Ìyá mi, iṣẹ́ ilé ìwé ni."

"Ta ní ń fi ẹsẹ̀ ìyàwó ṣeré? Lọ bi ọmọkùnrin náà. Bó bá fẹ́ ọ, kó wí. Bí ò bá fẹ́ ọ, o ò gbọdọ̀ bá a rìn mọ́."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Mùsílímátù ká a mọ́ ìdí páálí rẹ̀.

"Sàláwù, omi ìjọ́sí yẹn, kí ló jẹ́?"

Sàláwù wo ojú rẹ̀, ó wolẹ̀. "Iṣẹ́ ilé ìwé ni, Àǹtí. Ẹ má bínú."

Ó dun Mùsílímátù wọra. Láti ọjọ́ náà, òun nìkan ló ń dá rìn dé Bódìjà.

Ọjọ́ ìdíje pé, ní gbọ̀ngàn kan ní Dùgbẹ̀. Mùsílímátù jókòó sẹ́yìn pátápátá. Àwọn ọmọ gbé agboolé páálí jáde, wọ́n kọrin, wọ́n wẹ ẹsẹ̀ Ṣàkírà tó ṣe ìyàwó. Adájọ́ kan wá béèrè pé, "Bí wọ́n bá ti wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó tán, ṣé wọ́n lè dá a padà?"

Àwọn ọmọ bojú wẹ̀yìn wá ìyá Sàláwù tó bá wọn wá. Àfi bí Àrìnpé ṣe dìde láàárín èrò.

"A kì í dá a padà! Èmi ni mo wẹ ẹsẹ̀ tíṣà wọn. Sàláwù ló bẹ̀ mí pé kí n wẹ̀ ẹ́, ó ní ẹnu òun ò gbé e láti sọ fún un!"

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Sàláwù fọwọ́ bojú. Lẹ́yìn náà ló rìn lọ sẹ́yìn, ó kúnlẹ̀ níwájú Mùsílímátù.

"Mùsílí," ó ní. Kò pè é ní Àǹtí mọ́.

"Kí ló dé tó o fi ní iṣẹ́ ilé ìwé ni?"

"Ojú rẹ le lọ́jọ́ náà, olólùfẹ́ mi. Mo rò pé ìjà lo bá wá."

"Ìwọ ọkùnrin yìí!" Mùsílímátù ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Wọn ò gba ipò kìíní. Ta ló ráyè ìyẹn? Àwọn ará Òkè-Àdó gbé obì lọ sílé Ràṣídátù, ìyẹn sì kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ nà wọ́n.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wẹ̀ kẹ́ ẹ tó tọrọ!"

Àrìnpé kúnlẹ̀. "Ẹ forí jì wá, ìyá ìyàwó. Ìtìjú ọmọ mi ló sọ mí di aláìmọ̀kan."

Ọjọ́ ìyàwó dé. Mùsílímátù tún dúró lẹ́nu ọ̀nà ọjọ́sí, omi tún dà sí i lẹ́sẹ̀, orin kan náà tún gbòde. Ó yọjú lábẹ́ ìbòrí.

"Sàláwù, ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń rú mi lójú o. Nínú méjèèjì, èwo ni ìgbéyàwó gan-an?"

"Ti ìjọ́sí ni, àyànfẹ́ mi. Ti òní yìí ni iṣẹ́ ilé ìwé."

Tòun ti ẹsẹ̀ tútù, ó wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín.