Ìtọ̀ Pupa Nínú Póò Ìyàwó

Iná jó Bàbá Oníbúrẹ́dì lẹ́sẹ̀, kò mọ̀. Ó dúró lórí ẹ̀yín iná níwájú ààrò, ó ń yọ búrẹ́dì. Òórùn ẹran tó ń jóná ló gbé àwọn ọmọ rẹ̀ sáré dé. Egbò náà kọ̀, kò jinná, ó sì pa á.

"Ẹsẹ̀ ta ni iná ń jó tí kò ní pariwo?" Àǹtí, àkọ́bí rẹ̀, ló bèèrè bẹ́ẹ̀. Ojú ìyàwó àbúrò rẹ̀ ló sì ń wò.

Ẹyẹ kan ti ké lórí òrùlé lọ́jọ́ tó ṣáájú ikú náà. Àdàbà lásán ni o! Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́? "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí," ni Àǹtí ń wí kiri. Ọwọ́ rẹ̀ yá nídìí fùláwà pípò, ẹnu rẹ̀ tún yá jù ú lọ. Ó ní ìyàwó yìí ń dú sí i lójoojúmọ́, ó ní oṣooṣù ló ń yọ́ jáde láìsọ ibi tó ń lọ. Òótọ́ sì ni.

Lọ́jọ́ tó tún jáde tó dé, Àǹtí ṣí póò rẹ̀ wò. Ìtọ̀ inú ẹ̀ pupa fòò.

"Ẹ̀jẹ̀! Àbúrò mi, sáré wá! Ẹ̀jẹ̀ Bàbá tí wọ́n mu nípàdé àjẹ́ ló ń tọ̀ jáde yìí!"

"Kí lèyí?" ọkọ bèèrè.

"Mi ò lè sọ," ìyàwó ní. "Tí mo bá sọ ọ́, ẹ máa lé mi."

"Tí o ò bá sì sọ ọ́, a máa lé ẹ," Àǹtí ní. "Ọmọ ò sì ní bá ẹ lọ."

Ìyàwó gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Ọmọ ọ̀hún ò tíì já lẹ́nu ọmú. Ọkọ, tó máa ń jágbe mọ́ oníbàárà, wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní sùúrù. Tó bá tún jáde, ẹ tẹ̀lé e."

Àǹtí tẹ̀lé e lóòótọ́. Lẹ́yìn ilé ìwòsàn ló ti bá òun àti àwọn kan: wọ́n jókòó yípo, olúkúlùkù ti ẹsẹ̀ bọ abọ́ omi, ìgò òróró wà láàárín.

"Ìyàwó wa, ọwọ́ tẹ̀ yín lónìí!" Àǹtí ké.

"Ẹ káàárọ̀, mà," nọ́ọ̀sì tó wà láàárín wọn dáhùn. "Ẹ̀tẹ̀ la ń tọ́jú níbí; omi àti òróró ni kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ wọn là. Oògùn ń wò ó sàn, ọ̀fẹ́ sì ni. Oògùn yẹn náà ló ń sọ ìtọ̀ di pupa, tó ń mú ara dú. Ìyàwó yín ti fẹ́ẹ̀ parí tiẹ̀, kò lè ran ẹnikẹ́ni mọ́." Ojú rẹ̀ wá bọ́ sí apá Àǹtí. "Kí ló ṣe yín níbí?"

"Páànù búrẹ́dì ló jó mi. Oníbúrẹ́dì wo ni iná kì í jó?"

"Ṣé ó dùn yín?"

Àǹtí fi ìka tẹ ojú ibẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́.

Nọ́ọ̀sì mú fọ́nrán òwú. "Ẹ dijú. Tí mo bá ti kàn yín, ẹ sọ fún mi."

Àǹtí dijú, ó ń retí. Ó retí títí ó fi sú u. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ ná!"

Ìyàwó ló dáhùn, omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. "Wọ́n ti ṣe é tán, Àǹtí. Ibi tí ẹ̀tẹ̀ bá wà, ara kì í mọ ìfọwọ́kàn, kì í mọ iná."

"Yéè, ẹsẹ̀ Bàbá!" Àǹtí bú sẹ́kún. Wọ́n yẹ gbogbo ara rẹ̀ wò, wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n ní kí ó kó gbogbo ará ilé wá fún àyẹ̀wò.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Àǹtí gbé póò tirẹ̀ dúró láàárín agbo ilé. Ẹnu tó fi ba ìyàwó jẹ́ náà ló fi ké:

"Ará ilé, ẹ jáde wá wo ìtọ̀ mi! Ẹ̀jẹ̀ ta lèmi náà mu?"

Ìyàwó pọn ọmọ jáde, ó gba póò lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ dà á nù.