Àmì Orí Orúkọ

Ọkùnrin tó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá sáfà gbé bàtà rẹ̀ méjèèjì lọ́wọ́, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, omi òjò Warri sì ń kán láti etí rẹ̀ sórí ilẹ̀ tí Mutmainah ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Ẹni tó bá rí i á rò pé ibi tí yóò yà sí ló ń wá. Ìjà ló gbé wá.

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Kọ̀ǹpútà yín ní òun ò mọ̀ mí."

Mutmainah pa ẹ̀rín mọ́ra. Oṣù kan rèé tó ti ń to LDAP sórí àwọn sáfà Unix, kọ̀ǹpútà àgbà ilé iṣẹ́ wọn tó ń bá oníbàárà gba ẹrù jáde ní pọ́ọ̀tù. Tẹ́lẹ̀, sáfà kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ àti pásíwọ̀dù tirẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé ọ̀kan, ìta ló wà. Ní báyìí, ìwé orúkọ kan ṣoṣo, ìyẹn LDAP, ló wà, òun sì ni gbogbo sáfà ń bi pé, "Ṣé ẹ mọ ẹni yìí?" kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn.

"Ẹ kọ orúkọ yín kí n rí i."

Ó kọ ọ́ sórí pépà: Adéfọláhàn, kò yọ àmì kan sílẹ̀.

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ọ̀gá, abeg, comot all these marks. Àmì lásán ni."

"Àmì lásán kẹ̀? Defo ni wọ́n ń pè mí ní pọ́ọ̀tù. Kọ̀ǹpútà yìí nìkan ló kù tó lè pè mí bí ìyá mi ṣe ń pè mí. I no go comot am."

Ẹlòmíì ìbá lé e jáde. Ṣùgbọ́n Mutmainah, ọmọ Alhaji Bùsàrí oníṣòwò ará Ọ̀yọ́, ni tíṣà mẹ́ta ti pè ní Martina rí nítorí pé wọn ò lè pe orúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi bá Unix fà á, nítorí Unix kì í fẹ́ àmì lórí orúkọ tí wọ́n fi ń wọlé. Ní ọjọ́ kẹrin, ó dọ́gbọ́n sí i: ó kọ orúkọ méjèèjì, olámì àti aláìlámì, sábẹ́ nọ́ńbà ẹnì kan náà. Adéfọláhàn tẹ orúkọ rẹ̀, ilẹ̀kùn sì ṣí. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà títí, ó wá wo Mutmainah ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Kí ni kí n máa pè yín, Àǹtí?"

"Orúkọ mi. Gbogbo ẹ̀."

Ìfẹ́ kò ju báyìí lọ nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀. Kí ọdún tó yí po, wọ́n ti jọ ń gba Warri–Sapele Road lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti jọ ń jẹ starch, òkèlè àwọn ará Warri, nínú àwo kan. Alhaji Bùsàrí kùn díẹ̀, ó sì gbà. Ìyá Adéfọláhàn, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń ta àwo, ló kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun fẹ́ràn ọmọbìnrin náà, ṣùgbọ́n orúkọ mùsùlùmí kò ní wọ káàdì ìgbéyàwó ọmọ òun. Rosemary ni kí wọ́n kọ síbẹ̀.

Adéfọláhàn jẹ́ iṣẹ́ náà, kò lè wojú Mutmainah. "Olólùfẹ́ mi, orí káàdì nìkan ni. Orúkọ lásán ni."

Mutmainah dìde.

"Lásán? Ìwọ tí o ò jẹ́ kí n yọ àmì kan ṣoṣo, o ní kí n yọ odindi orúkọ?"

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Inú bí i, ó sì dùn ún dọ́kàn, nítorí ó fẹ́ràn ọkùnrin náà.

Nígbà tó di Mọ́ńdè, ó yọ orúkọ olámì kúrò nínú ìwé orúkọ, ó fi aláìlámì sílẹ̀. Ẹ má wí fún mi pé ó ṣàṣejù. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà. Adéfọláhàn lè fi aláìlámì wọlé, kò fi í wọlé. Ó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Kọ̀ǹpútà yín ní òun ò mọ̀ mí."

"Yọ àmì ẹ̀. Àmì lásán ni."

Adéfọláhàn sún mọ́ ọn. "Mo gbọ́. Mo ṣe ohun tó kù díẹ̀ káàtó. Jẹ́ ká lọ bá màmá mi."

"Mo wà lẹ́nu iṣẹ́."

"Màá dúró." Ó sì dúró títí wọ́n fi ṣíwọ́.

Nílé ìyá rẹ̀ ní Ugborikoko, Adéfọláhàn dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Mọ́mì, bí orúkọ rẹ̀ ò bá wọ káàdì, tèmi náà ò ní wọ̀ ọ́."

"O ń halẹ̀ mọ́ mi?"

"Rárá, mà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gé orúkọ mi kúrú."

Mutmainah kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kò rẹ ojú sílẹ̀. "Mọ́mì, ẹ fi Rosemary kún un bó bá wù yín. Orúkọ méjì lè wà lára ẹnì kan. Mo ti ṣe é fún ọmọ yín. Ṣùgbọ́n èyí tí bàbá mi sọ mí, kò sẹ́ni tó máa yọ ọ́."

Ìyá wo ọ̀kan, ó wo èkejì.

"Kí tiẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

"Ọkàn tó balẹ̀, mà."

"Ọkàn tó balẹ̀!" Ìyá pàtẹ́wọ́. "Ìwọ tí o ò jẹ́ kí ọkàn ẹnikẹ́ni balẹ̀ nínú ilé yìí láti oṣù kan!" Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Ó gbìyànjú orúkọ náà, ó kọsẹ̀. "Mọ́tì... Mútìmá..."

"Ẹ rọra, mà."

Mutmainah rọra sọ sétí Adéfọláhàn. "Lọ́la, màá dá àmì rẹ padà."

"Adéfọláhàn," ni ìyá wí, "dìde, lọ bu ìkọ́kọrẹ́ wá fún ìyàwó rẹ." Ó wá mí kanlẹ̀, ó pe orúkọ kejì díẹ̀díẹ̀, kò fi nǹkan kan sílẹ̀. "Mutmainah. Dìde nílẹ̀, ọmọ mi."