Àràyà Inú Ọgbà

Jucilene yọjú láti ẹnu àgọ́. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lórí odò Araguaia, iyanrìn àárín odò tí wọ́n pàgọ́ sí ṣì tutù. Ó rí Leôncio, ọkọ tuntun màmá rẹ̀, nínú omi tó dé orúnkún. Ó ń fa òpó igi tu.

Àyà ọmọbìnrin náà já. Òpó wọ̀nyẹn ni wọ́n fi ṣọgbà yí ibi tí wọ́n ti ń wẹ̀ ká, kí àràyà má baà wọlé. Ẹja pẹlẹbẹ ni àràyà, iyanrìn ló fi ń bora, ẹ̀gún ìrù rẹ̀ sì lè mú àgbàlagbà sunkún. Caíque, àbúrò Jucilene tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ, ló sì máa ń kọ́kọ́ bọ́ sómi láràárọ̀.

Láti ọjọ́ tí ọkùnrin yìí ti wọlé wọn ni Jucilene ti ń ṣọ́ ọ. Bó bá bu ẹja fún Caíque, ọmọbìnrin náà á kọ́kọ́ yẹ egungun inú rẹ̀ wò. Ta ló mọ̀ bóyá ọmọ ọlọ́mọ ti sú u?

Leôncio kó òpó mẹ́ta sílẹ̀, ó sì yà sẹ́yìn àgọ́ lọ síbi ọkọ̀ ojú omi. Kíá, Jucilene sáré bọ́ sómi, ó dúró sẹ́yìn ọgbà, ó sì ń fi òkúta gbá àwọn òpó náà wọlẹ̀ padà.

"Jucilene! Kí lò ń ṣe lómi láìtíì bọ́jú?" Màmá rẹ̀ ń gbé omi kaná.

"Mò ń tún ohun tí ọkọ yín bàjẹ́ ṣe ni."

"Ọkọ mi ò lórúkọ ni?"

"Ẹ bi í wò."

Caíque sáré jáde nínú àgọ́ ní ìhòòhò. "Èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀!"

Leôncio yọ, àjẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí i pé ọgbà ti padé. "Caíque, dúró! Má wọ omi!"

"Má dá a lóhùn, jàre!" ni Jucilene pariwo.

Ọmọ náà ti dé inú omi. Leôncio ju àjẹ̀ nù, ó fò wọlé, ó sì gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú ìkánjú, kò rántí wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ kí ẹja lè gbọ́ kó sì sá. Ó lọgun: nǹkan ti gún un lẹ́sẹ̀.

Wọ́n tẹ́ ẹ sórí iyanrìn. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lẹ́sẹ̀ rẹ̀, òógùn bò ó.

"Àràyà kan há sínú ọgbà," ó wí, ó pa eyín pọ̀. "Mo ṣí ọ̀nà sílẹ̀ kí n lè fi àjẹ̀ lé e jáde. Ta ló dí i padà?"

"Èmi ni." Jucilene ló dáhùn.

"Kí ló dé tí o ò bi mí, ọmọ mi?"

Màmá Jucilene gbé ìkòkò omi gbígbóná lé e lọ́wọ́. "Ìfura loògùn àgbà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àgbà tó bá fura a máa béèrè."

Jucilene kúnlẹ̀, ó rọra ń da omi gbígbóná sójú ọgbẹ́ náà kí oró rẹ̀ lè rọ̀.

"Bàbá, ṣé kò gbóná jù?"

Leôncio gbójú sókè. Kò gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. "Kò tíì gbóná tó ojú tí o fi ń wò mí látọjọ́ yìí."

Ẹ̀rín bọ́ mọ́ ẹkún lẹ́nu ọmọbìnrin náà. Kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n ti tú àgọ́ láti gbé e lọ sílé ìwòsàn. Jucilene ló wa ọkọ̀. Ó ti yé e wàyí pé bí ọkàn wa bá fura sí ẹnìkan, ẹnu ló yẹ ká kọ́kọ́ lò, kì í ṣe ọwọ́.