Sípíríngì Tí Lájídé Fi Iná Gé

Láràárọ̀ ni jíìpù Màmá Rhoda máa ń kúnlẹ̀ bí ràkúnmí. Ní ìrọ̀lẹ́, a dúró ṣánṣán. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ikùn rẹ̀ a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń kọjá a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọn a ní, "Ẹ má pariwo o, ọkọ̀ Màmá ń gbàdúrà."

Màmá Rhoda ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́ ní Kábà. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Kàdúná ló fi jíìpù náà ta á lọ́rẹ, lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti lò ó gbó. Ọkọ̀ náà kò ní sípíríngì bí ọkọ̀ yòókù. Àpò rọ́bà mẹ́rin ló wà lábẹ́ rẹ̀, ọ̀kan nídìí táyà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ kékeré kan ló sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú wọn kí ọkọ̀ tó lè dìde. Rọ́bà ti gbó, afẹ́fẹ́ ń jò, ẹ̀rọ kékeré náà sì ṣiṣẹ́ títí ó fi jó.

Ìpínlẹ̀ Kogí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà. Mekáníìkì tó ti rí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí kò tó mẹ́ta ní gbogbo Kábà, Lájídé kò sì sí lára wọn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ èyí lẹ́nu Lájídé?

Ọwọ́ Lájídé dá ṣáká nínú iṣẹ́, gbogbo ìlú ló mọ̀. Ẹnu rẹ̀ ló ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Bàbá rẹ̀ ń kírun, ìyá rẹ̀ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ní tirẹ̀, ẹran Iléyá àti ìrẹsì Kérésì nìkan ló mọ̀ nínú ẹ̀sìn méjèèjì. Bí ẹnikẹ́ni bá bá a sọ̀rọ̀ Ọlọ́run, a ní, "Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bà jẹ́ ló ń wá mekáníìkì. Tèmi ò tíì bà jẹ́."

Ọláníran, awakọ̀ Màmá, ló gbé jíìpù náà wá.

"Okun o, Ọ̀gá Lájídé. Màmá ní kí n gbé ìyọnu yìí wá fún yín."

Lájídé tẹ orí wo abẹ́ ọkọ̀. Ó dìde, ó nu ọwọ́. "Èyí náà ni ẹ̀ ń pariwo lé lórí? Kí ó di ọjọ́ Ẹtì, yóò máa rìn bí ọkọ ìyàwó."

"Ọ̀gá kan ní Lọ́kọ́ja sọ bẹ́ẹ̀. Àìsàn kan la gbé lọ, méjì la gbé bọ̀."

"Hábà, Ọláníran! Lọ́kọ́ja ni Lọ́kọ́ja. Ọ̀dọ̀ Lájídé lo wà yìí."

Ìmọ̀ràn tí Lájídé fún Màmá kò burú: kí wọ́n yọ àpò afẹ́fẹ́ kúrò pátápátá, kí wọ́n fi sípíríngì irin mẹ́rin sí ipò wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Màmá bi í pé, "Ṣé ó dá ọ lójú?" Obìnrin yìí ló kọ́ ọ ní ìṣirò ní kíláàsì kẹrin. Lájídé dọ̀bálẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, bí kò bá dá mi lójú, ẹ má pè mí ní ọmọ yín mọ́."

Ó lọ ra sípíríngì lọ́dọ̀ àwọn tó ń tú ọkọ̀ àlòkù ní Lọ́kọ́ja. Ẹni tó ń tà á na tépù sí i pé kí ó wọ̀n ọ́n wò. Lájídé tì í sẹ́yìn. "Ojú mi ni tépù mi." Àwọn tó wà níbẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un, orí rẹ̀ sì wú.

Nígbà tó dé Kábà tó so wọ́n mọ́ ọkọ̀, ẹ̀yìn lápá òsì yọ sókè ju ìyókù lọ ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta. Mẹ́ta nínú wọn bára mu; ìkẹrin wá láti abẹ́ ọkọ̀ mìíràn.

Ohun tó yẹ kó ṣe kò le: kí ó dá a padà sí Lọ́kọ́ja. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe padà síwájú àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún ojú rẹ̀? Ó yíjú sí Ọlọ́runṣọlá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń lu ara ọkọ̀ nínú ọgbà kan náà, tó sì ní iná gáàsì tí wọ́n fi ń gé irin.

"Bá mi gé e kù díẹ̀."

Ọlọ́runṣọlá mi orí. "Lájídé, sípíríngì tí iná bá ti jẹ, ó ti kú. Yóò dúró bí alààyè, ṣùgbọ́n ó ti kú. Bó pẹ́ bó yá, yóò ṣẹ́."

"Ìwọ, gbogbo nǹkan ni o máa ń fi wàásù."

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ náà, Ọlọ́runṣọlá lọ sí ìpàdé àdúrà bí ìṣe rẹ̀. Kí ó tó dé, Lájídé ti tan iná gáàsì náà. Ó gé òrùka kan kúrò lórí sípíríngì náà, ó fi iná tẹ orí rẹ̀ pẹrẹsẹ, ó kùn ún ní ọ̀dà dúdú. Ní ọjọ́ Ẹtì, jíìpù dúró ṣánṣán. Màmá súre fún un títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lọ́nà Ìyàrà, sípíríngì náà ṣẹ́. Ọkọ̀ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó yà kúrò lójú ọ̀nà, ó lọ gbá igi. Ẹsẹ̀ Màmá Rhoda kán sí ọ̀nà méjì. Ọláníran jáde láìfarapa, ìyẹn sì ni ìṣòro rẹ̀.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Lájídé pé kí ó wá wo ohun tó fà á. Ó dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, ó rí i. Irin náà ti ṣẹ́ níbi tí iná ti jẹ ẹ́ gan-an. Ó wá apá òkè rẹ̀ títí, kò rí i, nítorí ẹrẹ̀ ti bò ó mọ́ abẹ́ ọkọ̀. Ó ki apá ìsàlẹ̀ sínú àpò irinṣẹ́, ó jáde.

"Kí lo rí?" ni ọlọ́pàá tó wà níbẹ̀ bi í.

"Ọkọ̀ ò ní àléébù," ni Lájídé wí. "Eré àsápajúdé ni."

Ọkùnrin kan nínú àwọn tó ń wòran ní, "Ṣé kì í ṣe Ọláníran bùrùkùtù nìyí?"

Òótọ́ ni pé Ọláníran ti mu bùrùkùtù, ọtí ọkà bàbà, rí débi pé ó máa ń sùn sí ìdí agbè. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún méjì tó ti fi í sílẹ̀. Lájídé mọ̀. Kò dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, kò dáhùn pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó rẹ́rìn-ín lásán.

Ẹ̀rín yẹn ni ó pa Ọláníran. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn ọmọ Màmá ti lé e. Ní páàkì, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbé ọkọ̀ fún un mọ́. Juliet ìyàwó rẹ̀, tó ti bá ọtí jà fún ọdún púpọ̀, sọ pé òun kò lágbára láti tún bá a jà mọ́. Ó kó àwọn ọmọ, ó padà sí ilé baba rẹ̀ ní Ponyan.

Ní ọjọ́ kan, Lájídé wà lábẹ́ ọkọ̀ kan nígbà tí ẹsẹ̀ méjì tó wọ bàtà rọ́bà wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Okun o, Ọ̀gá. Ọláníran ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn pé nǹkan kan kọ́kọ́ ró 'kà' lẹ́yìn kí ọkọ̀ tó yà. Mo gbọ́ ọ. N kò mutí, Ọ̀gá. Mo fi àwọn ọmọ mi búra."

Lájídé kò jáde. Láti abẹ́ ọkọ̀ níbẹ̀ ló ti sọ pé, "Lọ sùn ná. Bí ọtí bá dá lójú rẹ, kí o padà wá."

Ẹsẹ̀ náà dúró pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó lọ. Ṣùgbọ́n Lájídé kò lè jáde. Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó di sípánà mú, ojú sì ń tì í bí ẹni pé ìhòòhò ló wà. Kò sẹ́ni tó rí i. Ìyẹn kò mú kí ìtìjú náà dín.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe rere. Ó gbé iṣu àti epo lọ fún Màmá lórí àkéte; Màmá súre fún un, ìre náà sì gún un bí abẹ́rẹ́. Ó tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi nǹkan sínú igbá ọrẹ, kò sì lè gbé ojú sókè títí wọ́n fi túká. Bó bá jẹun, a dà bí ìyẹ̀pẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Wọ́n ti wọ́ jíìpù náà wá sí ọgbà wọn, Ọlọ́runṣọlá sì ń lu ara ọkọ̀ náà tó tẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó wá bá Lájídé, ó tẹ́ ọwọ́. Òkè sípíríngì náà ló wà níbẹ̀, tó fi omi fọ̀, tí àmì iná sì hàn lára rẹ̀ gbangba.

"Iná tèmi ló gé èyí," ni ó wí.

Lájídé wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú. "Ta lo ti sọ fún?"

"Ọlọ́run nìkan. Òun náà sì ti mọ̀ kí n tó sọ."

"Ọlọ́runṣọlá, má tà mí. Mo ti ń tún un ṣe. Mo gbé iṣu lọ. Mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì."

"O ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú àpò tó ti ya ni, ọ̀rẹ́ mi. Ní ìrọ̀lẹ́, o dúró. Bí ilẹ̀ bá mọ́, o ti wó. Nígbà wo ni yóò tó ọ?" Ó jókòó ti Lájídé lórí táyà. "Gbọ́. Kí ilẹ̀ òní tó ṣú, Màmá gbọ́dọ̀ mọ̀. Bí o kò bá lọ, èmi yóò lọ. Bí èmi bá lọ, orúkọ Ọláníran yóò mọ́, ṣùgbọ́n ìwọ yóò ṣì wà bí o ti wà. Fún ẹ̀ṣẹ̀ tí a tú síta ni àánú wà. Jésù kú fún èyí tí o ṣe gan-an, kì í ṣe fún èyí tí o fi ọ̀dà kùn."

Ó gbé irin náà lé e lọ́wọ́, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Lájídé wọ inú ilé kékeré tí wọ́n ń kó irinṣẹ́ sí, ó ti ilẹ̀kùn. Ọkùnrin tí kì í sọ pé òun kò mọ nǹkan, ìyẹn gan-an ló sọ. "Jésù, n kò mọ bí a ti ń tún èyí ṣe. Mo purọ́. Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín mi sì ba ilé èèyàn jẹ́. N kò ní ohun tí mo lè fi dípò. Ṣàánú mi." Ó sunkún bí ẹni tí wọ́n ń nà. Nígbà tí ó dìde, ìtìjú kò tíì lọ, ṣùgbọ́n kò sá fún un mọ́. Ó mọ̀ pé ẹni tó ti rí i tán kò kọ̀ ọ́.

Ó mú irin méjèèjì, ó lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Màmá Rhoda. Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ìkan pa mọ́.

Màmá fi ọwọ́ kan irin méjèèjì. "Ọmọ mi béèrè lọ́wọ́ mi pé ta ni mekáníìkì yẹn. Mo ní ọmọ wa ni." Ó pa ojú dé. "Èmi yóò dárí jì ọ́, Lájídé, nítorí a ti dárí ji èmi náà. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ló kán, orúkọ ti Ọláníran ló kán. Ibi tí o ti bà á jẹ́ ni kí o ti lọ tún un ṣe."

Páàkì kún dẹ́múdẹ́mú ní ọ̀sán yẹn. Lájídé dúró láàárín wọn, ó gbé irin náà sókè kí gbogbo ojú lè rí i, ó sì jẹ́wọ́ láti orí tépù tó tì sẹ́yìn ní Lọ́kọ́ja títí dé orí ẹ̀rín rẹ̀.

Awakọ̀ kan hó lé e lórí. "Ojú tépù! Ìwọ náà rèé!" Òmíràn ní, "Kò sí ìkà bí mekáníìkì tó mọ gbogbo nǹkan tán." Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Ó gba ẹ̀rín náà; ó mọ bí ẹ̀rín ṣe ń pani.

Ọláníran wà lẹ́yìn, lábẹ́ igi, níbi tó ti ń bá wọn di ẹrù. Ó rìn wá. Ó gba irin náà, ó yí i wò.

"Ṣé ẹ mọ̀ pé Juliet ti lọ sí Ponyan?"

"Mo mọ̀."

"Kò ní gbà á lẹ́nu mi."

"Mo mọ̀," ni Lájídé wí. "Jẹ́ kí a lọ. Èmi ni yóò sọ ọ́, níwájú baba rẹ̀."

Ọlọ́runṣọlá ló wà wọ́n lọ. Kí oòrùn tó wọ̀, Juliet ti ń di ẹrù rẹ̀ láti bá Ọláníran padà sílé.

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí, bóyá o kò mọ sípíríngì, bóyá o kò sì fi iná gé irin rí. Jẹ́ kí a bi ọ́ ní ìbéèrè kan: ta ni ó ń ru ẹ̀bi rẹ lónìí? Ìyàwó tí o purọ́ fún ni? Ẹni tí wọ́n lé níbi iṣẹ́ nítorí ohun tí ìwọ ṣe ni? Ọmọ tí o sẹ́ ni?

Ọláníran kò yàn láti ru ẹ̀bi Lájídé. Wọ́n dì í lé e lórí ni. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀bi rẹ. Kò dẹ́ṣẹ̀ rí. Wọ́n fi í ṣẹ̀sín, wọ́n kàn án mọ́ igi, ó sì dákẹ́, nítorí ó mọ orúkọ ẹni tó ń kú fún. Orúkọ rẹ ni.

Má ṣe sọ pé títí di ọdún tuntun, má ṣe sọ pé títí di ìgbà tí o bá dàgbà. Ẹ̀ṣẹ̀ tí o bò kò tíì dáwọ́ iṣẹ́ dúró; ẹnì kan ń jìyà rẹ̀ bí o ti ń ka èyí. Níbi tí o wà yìí, pe Jésù, kí o sì pe ẹ̀ṣẹ̀ náà ní orúkọ rẹ̀ gan-an níwájú rẹ̀. Kò ní kọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, dìde kí o lọ bá ẹni náà. Ó ti dúró pẹ́.