Ojú Àtàǹpàkò Lórí Àpótí Áṣáà

Àtàǹpàkò obìnrin náà ni alágbẹ̀dẹ fàdákà kọ́kọ́ rí. Ó fi awò ìṣiṣẹ́ tí ń sọ kékeré di ńlá sójú, ó ń fín òdòdó sára ìdérí kan, ni ìka kan bá yọ sínú awò náà, ó tóbi, ó ń dán bí ẹyin tuntun. Ó yọ awò kúrò. Arẹwà aránṣọ kan ló dúró níwájú tábìlì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, àpótí áṣáà bàbá mi rèé. Ìdérí rẹ̀ ò padé mọ́."

"Ẹnu tèmi náà ò padé mọ́ látìgbà tẹ́ ẹ ti wọlé."

Ó rẹ́rìn-ín. Kóṣù tó parí, ọ̀gá ti mọ̀ọ́mọ̀ já bọ́tìnnì ẹ̀wù mẹ́ta kó lè máa gbé wọn tọ̀ ọ́ lọ.

"Ẹ̀wù yín mà ń ṣàìsàn o!"

"Dókítà rẹ̀ ló wù ú."

Fàdákà ni àpótí náà, kò kún àtẹ́lẹwọ́, ẹyẹ méjì fẹnu kora lórí ìdérí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹ́ ọ̀kan ti pa rẹ́, ibẹ̀ sì ti jẹ di kòtò. Ọ̀gá tún ìdérí ṣe kó lè padé; nítorí ìfẹ́, ó dí kòtò náà pẹ̀lú, ó tún ìyẹ́ fín, ó nù ún títí ó fi ń kọ mànà.

Ó gbé e lọ sílé wọn. Bàbá aránṣọ gbà á, ó fìka wá ibì kan, kò rí i.

"Ta ló ní kó o dí i? Ogún ọdún nìyá ọmọ yìí fi ṣí i fún mi kó tó kú. Ìka rẹ̀ ló jẹ ibẹ̀! Jáde. Má wá bá ọmọ mi mọ́."

Aránṣọ sáré tẹ̀ lé e síta, omi lójú. "Ṣé ẹ ò lè gbẹ́ ẹ padà ni?"

"Mo lè gbẹ́ kòtò, olólùfẹ́ mi. Ìyá ẹ ni mi ò lè gbẹ́."

Lọ́jọ́ keje, alágbẹ̀dẹ padà wá, ó tẹrí ba. "Bàbá, mo lè ṣe ayédèrú tẹ́ ẹ ò ní mọ̀. Mi ò ní ṣe é. Mo jẹ̀bi."

Bàbá gbé àpótí náà kalẹ̀. "Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Èmi rà á lónìí."

Ọmọbìnrin mú àpótí, ó fàtàǹpàkò ti ìdérí, ó ṣí i fún bàbá rẹ̀. Bàbá fín áṣáà, ó sín, omi kún ojú rẹ̀.

"Adúmáadán mi, a-fohùn-jẹ́jẹ́-tán-ìjà! Bí ìyá ẹ ṣe ń ṣí i nìyẹn." Ó yíjú. "Alágbẹ̀dẹ, ọdún mélòó ni ìka fi ń jẹ fàdákà?"

"Ogún ọdún, bàbá, bó bá jẹ́ ìka kan."

"Bó bá jẹ́ méjì ńkọ́?"

Olúwa, má ṣe fi ẹni tí yóò bá wa ṣí ìdérí ayé wa dù wá. Alágbẹ̀dẹ na ọwọ́, ó rọra gbé àtàǹpàkò rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ti aránṣọ, lórí ìyẹ́ ẹyẹ náà.